Òjòlá Tí Kò Jẹ Àkèré Rí

Eégbọn kan já bọ́ láti ara awọ òjòlá náà, ó sì ń rákò lọ lórí tábìlì. Sájẹ́ntì Sàrátù Àjàmú, ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, fi ìdérí péènì dá a dúró, ó tẹjú mọ́ ọn.

Ó yí awọ náà padà. Àwọn mìíràn ṣì wà lábẹ́ ìpẹ́ tó wà nítòsí ọrùn. Àwọn kan kéré bí orí abẹ́rẹ́, àwọn kan ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi.

Awọ yìí ni wọ́n fi mú Onoriode lánàá. Apẹja ni Onoriode, ará Ajégúnlẹ̀, tó máa ń wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ dẹ àwọ̀n ní etí Snake Island. Wọ́n bá a ní Malu Road pẹ̀lú awọ òjòlá tútù àti ẹran rẹ̀ nínú àpò, ó ń wá ẹni tí yóò rà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òjòlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dàwátì ní ilé ìwádìí Dókítà Raphael Martins ní Warehouse Road. Òjòlá náà kì í ṣe ejò lásán. Inú ilé ìwádìí yẹn ni ó ti yọ nínú ẹyin, ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, Àgbékẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn òyìnbó onímọ̀ kan sì ti wà lójú òkun, wọ́n ń bọ̀ ní èbúté Àpápá tìtorí rẹ̀.

Sàrátù fúnra rẹ̀ ló mú Onoriode. Ká ní ó mú un jẹ́ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le tó báyìí. Ṣùgbọ́n olè ti ń da agbègbè náà láàmú láti ìgbà tí wọ́n ti yí ojú ọ̀nà mọ́tò sí apá ọ̀tún, tí ọkọ̀ ẹrù ń há sójú títì, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń jágbe mọ́ ọn pé kò mú ẹnì kankan. Ló bá gbé awọ ejò náà kọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn, ó ní kó máa rìn lọ níwájú òun dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí àwọn olè yòókù lè fi kọ́gbọ́n. Àwọn awakọ̀ tírélà ń fọn fèrè. Àwọn fọkanáísà ń fi irin lu ríìmù. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kọrin, "Olè ejò! Olè ejò!"

Ọkùnrin náà ju Sàrátù lọ dáadáa, irun rẹ̀ ti ń funfun. "O" ni Sàrátù ń pè é lójú gbogbo ayé.

Ó wá ń wo eégbọn náà báyìí. Ejò tó yọ nínú yàrá tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò, tí kò fàyà kan koríko rí, ibo ló ti kó eégbọn?

Ó mú un sínú ìgò kékeré kan, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sí sẹ́ẹ̀lì.

Onoriode jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Níbo lo ti rí ejò yẹn?" Sàrátù béèrè.

"Mo ti sọ lánàá. You no gree hear."

"Tún un sọ."

"Snake Island. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, inú ẹrọ̀fọ̀. Àwọ̀n mi ló wọ̀."

"Nígbà tí o là á, kí ló wà níkùn ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ya ọkùnrin náà lẹ́nu. "Àkèré. E plenty. Àti eku igbó kan."

"Ta ló rí ọ?"

"God."

"Wojú mi nígbà tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè wojú èèyàn, madam." Kò yíjú padà. "Philomena, ìyàwó mi, gbé oúnjẹ wá láàárọ̀. Mi ò lè wo òun náà. Ó dúró, dúró, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ."

Sàrátù wo àwo oúnjẹ náà. Wọn ò ṣí i.

*

Dókítà Martins kò ta gìrì rárá nígbà tó rí ìgò náà. Ọmọ Èkó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀wù funfun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Chinwe, ọmọbìnrin tó kàwé nípa ẹ̀jẹ̀ tó sì ń bá a ṣiṣẹ́, dúró nídìí máíkírósíkóòpù, ó ń gbọ́.

"Eégbọn ni," Dókítà sọ.

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ̀fọn kan kò lè wọ yàrá yín, Dókítà, ká má tíì sọ eégbọn."

"Èmi ni mo fi eégbọn sí Àgbékẹ́ lára."

"Ẹ̀yin?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn." Ó fa àga fún un. "Ejò inú igbó, alángbá, ahun, ọ̀nì, kòkòrò kan máa ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó kéré tí ojú lásán kò lè rí i. Gbogbo wa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀ ni mo ń wá. Mo gbà pé eégbọn ló ń gún un sí wọn lára, bí ẹ̀fọn ṣe ń gún ibà sí àwa èèyàn."

"Ṣé ẹ rí i bẹ́ẹ̀?"

"Mo rí i. Ẹ̀jẹ̀ Àgbékẹ́ mọ́ láti kékeré. Mo fi eégbọn igbó sí i lára, ó pẹ́ díẹ̀, kòkòrò náà yọ. Mo ti lọ sọ ọ́ nípàdé àwọn onímọ̀ ní òkè òkun. Ìdí tí àwọn àlejò yẹn fi ń bọ̀ nìyẹn."

Sàrátù yọ ìgò kejì jáde nínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó fi sírínjì fà nínú ọkàn òjòlá tó wà nínú àpò Onoriode ni, ẹran tí wọ́n ti gbé sínú yìnyín láti àná gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Chinwe gbà á. Ó fi díẹ̀ ra ojú gíláàsì, ó pa á láró, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sì gbé ojú lé awò.

"Ó wà níbẹ̀," ó sọ wẹ́lẹ́. "Ó pọ̀. Ẹ wá wò ó, madam."

Sàrátù wò ó. Hóró ẹ̀jẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ bí ẹyin wẹ́wẹ́, ojú dúdú kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mìíràn, nǹkan kan tún ká sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti ojú dúdú náà sápá kan.

"Ẹ rí i?" Dókítà wí. "Eégbọn wà lára ẹ̀, kòkòrò wà lẹ́jẹ̀ ẹ̀. Àgbékẹ́ mi ni wọ́n pa." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. "Sájẹ́ntì, ẹ bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n má fìyà jẹ ọkùnrin yẹn púpọ̀. Tálákà ni."

Ó yẹ kí inú Sàrátù dùn. Ẹni tó mú gan-an ló jẹ̀bi nìyẹn, ẹjọ́ di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú, ó rí Chinwe níbi tó ti ń fọ gíláàsì kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá, kò gbé orí sókè.

Ọ̀rọ̀ Dókítà náà kò sì jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n pa ohun ọ̀sìn rẹ̀ tó fẹ́ràn bí ọmọ. Ta ló ń yára bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó pa á lẹ́kún?

*

Bàbá Ìyàndá ló ń ṣọ́ géètì ilé ìwádìí náà. Nígbà tí Sàrátù ní òun fẹ́ wo inú yàrá rẹ̀, bàbá náà yára lọ jókòó lé orí ẹní rẹ̀. Ìgò kan wà lábẹ́ ẹní rẹ̀, òróró pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú rẹ̀. Sàrátù gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ̀rá ejò nìyí, Bàbá."

"Ọ̀rá ejò ni."

"Òjòlá?"

"Òjòlá ni wọ́n pè é."

"Ẹ̀yin lẹ wà ní géètì. Ejò sọnù. Ọ̀rá ejò wà lábẹ́ ẹní yín. Kí ni kí n rò?"

Bàbá náà wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó wá fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún rẹ̀ wú, ó dán, ó tóbi ju itan rẹ̀ lọ.

"Mo rà á lọ́wọ́ alágbo kan ní Malu Road. Mo fi Ọlọ́hun búra. Mo ń fi ra á ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́?"

"Ta ló máa fi arọ ṣọ́ géètì, ọmọ mi?" Omi lé sí i lójú. "Bí mo bá dúró díẹ̀, àfi kí n jókòó. Bí mo bá jókòó, mo máa sùn lọ. Mo ti sùn lọ lọ́jọ́ tí ejò wọn sọnù. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn?"

Sàrátù tún ìgò náà wò. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ọ̀rá tó kán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti di ìpele lórí ìpele. Ìgò tí wọ́n ti ń lò tipẹ́tipẹ́ ni, ṣáájú kí Àgbékẹ́ tó sọnù. Ó dá a padà sábẹ́ ẹní. Ó bá bàbá náà fa ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan."

Láti ibẹ̀ ó yípo lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi fèrèsé yàrá àwọn ejò. Nẹ́ẹ̀tì irin tí wọ́n gé ṣì wà bẹ́ẹ̀. Lánàá, ó rí ihò, ó pè é ní ihò olè, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án wàyí. Gbogbo ẹnu irin náà ló yọ síta, ó gún un ní ìka. Ẹni tó gé e, inú yàrá ló dúró sí nígbà tó ń gé e.

Onoriode kò sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn.

*

Ó dúró de Chinwe níbi tó máa gbà kọjá lọ sí Ajégúnlẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà ṣe rí i báyìí, ó fẹ́ yà bàrá sí òdìkejì títì.

"Madam, mi ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi. Òun ló fún mi níṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí lẹ́yìn ogun."

"Mi ò bi ọ́ nípa ọ̀gá ẹ. Ejò ni mo fẹ́ bi ọ́."

Chinwe dúró.

"Kí ni Àgbékẹ́ ń jẹ?"

"Èkúté funfun. Àwa la ń sìn wọ́n, nínú nẹ́ẹ̀tì kan náà."

"Kò jẹ àkèré rí?"

"Rárá."

"Alángbá? Ọmọńlé?"

"Èkúté funfun nìkan, láti ìgbà tó ti yọ nínú ẹyin."

Sàrátù mi orí. Wọ́n jọ ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀. "Dókítà ní bí ẹ̀fọn ṣe ń gún ibà sí wa ni eégbọn ṣe ń gún kòkòrò yẹn sí ejò. Ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè gbé kòkòrò yẹn?"

"Ó lè gbé e. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ejò tó ní in, kòkòrò náà á dàgbà, á sì pọ̀ nínú ara ẹ̀fọn yẹn."

"Á wá gún ejò mìíràn, á fi sí i lára."

"Rárá, ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ibà." Ohùn Chinwe le díẹ̀, ohùn ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. "Kì í gba ẹnu ẹ̀fọn jáde. Inú ẹ̀fọn ló máa wà títí nǹkan kan á fi gbé ẹ̀fọn náà mì."

"Bí àkèré."

"Bí àkèré, bí alángbá, bí eku igbó tó ń jẹ ẹ̀fọn. Á sùn sínú ẹran ara wọn. Nígbà tí ejò bá wá gbé àkèré yẹn mì..."

"Ẹnu ni ó ń gbà wọlé."

"Ẹnu ni, madam. Àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù kò tíì gbà."

Sàrátù dúró ní ìdí òpó iná kan. Ó ti rí i báyìí, ó sì ń ṣe é bíi kó má rí i, nítorí ibi tí yóò já sí. Àkèré ló kún ikùn òjòlá Onoriode. Ẹ̀fọn ló kún ẹrọ̀fọ̀ Snake Island. Ejò yẹn kó kòkòrò rẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ejò igbó ń gbà kó o, ó sì kó eégbọn rẹ̀ nínú koríko bí àwọn yòókù. Ọkùnrin náà ti sọ òtítọ́ lójú títì, òun sì ní kó panu mọ́.

"Chinwe, èkúté tó wà nínú nẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ń rí ẹ̀fọn jẹ?"

Ọmọbìnrin náà yíjú sí títì.

"Ṣé ejò kan wà tí òun àti Àgbékẹ́ jọ yọ nínú ẹyin?"

"Ọ̀kan wà."

"Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ?"

"Oúnjẹ kan náà."

"Dókítà fi eégbọn sí òun náà lára?"

"Eégbọn kan náà."

"Bá mi gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́la."

"Kò sídìí tí a fi máa gbà á, madam." Chinwe fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Mo ti wò ó léraléra. Ó mọ́. Bí ti Àgbékẹ́ ṣe mọ́ nìyẹn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Gíláàsì tí ọ̀gá gbé lọ fi hàn wọ́n lókè òkun, ẹ̀jẹ̀ òjòlá igbó ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á láró. Mo mọ̀ nígbà tó gbé e. Mo dákẹ́."

"Lánàá ńkọ́?"

"Mo wà ní Malu Road lánàá." Ó ń sunkún. "Ọkùnrin yẹn kọjá níwájú mi pẹ̀lú awọ yẹn lọ́rùn. Mo mọ Àgbékẹ́. Mo mọ àwọ̀ ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun kọ́. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà wò mí."

*

Dókítà Martins ń dá gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, nínú ilé ńlá kan ní Àpápá. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Sàrátù kò tètè sọ ohun tó bá wá. Ó ń wo ilé. Láti fèrèsé ilé ìdáná ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ àti kànìnkànìn lórí òkúta ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù.

"Dókítà, ẹ ní bálùwẹ̀?"

"Mo ní in."

"Kí ló ṣe é tí ẹ fi ń wẹ̀ níta?"

Ọkùnrin náà fa àga kan, ó jókòó.

"Dókítà, òjòlá tí mo bá lọ́wọ́ apẹja yẹn jẹ àkèré. Ti yín kò jẹ ẹ́ rí. Kòkòrò kún ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ti yín, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ èkejì tí wọ́n jọ yọ, bẹ́ẹ̀ ẹ fi eégbọn sí àwọn méjèèjì lára. Àwọn àlejò yín ń bọ̀ wá fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀jẹ̀ Àgbékẹ́. Bí wọ́n bá gbà á, wọn ò ní rí nǹkan kan. Nínú gbogbo Èkó, ta ló fẹ́ kí ejò yẹn sọnù kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀?"

Dókítà dìde, ó rìn lọ sí ìlẹ̀kùn kan lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí i.

Àgbékẹ́ ká sínú báàfù. Ó gbé orí lé etí rẹ̀, ó ń yọ ahọ́n wò wọ́n.

"Mi ò lè pa á," Dókítà wí. "Àtẹ́lẹwọ́ mi ló bọ́ sí nígbà tó yọ nínú ẹyin. Mo rò pé bí mo bá ní wọ́n jí i, ẹ máa wá a, ẹ ò ní rí i, ó máa tán síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa mú ẹnikẹ́ni."

"Nígbà tí mo wá mú èèyàn?"

"Mo rí yín." Ó di ìlẹ̀kùn mú. "Mo wà nínú mọ́tò mi. Èrò dí ọ̀nà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó súnmọ́ mi bí ẹ ṣe súnmọ́ mi yìí, ó sì ń wò mí. Mo yí gíláàsì mọ́tò sókè."

"Ẹ kò sì sọ nǹkan kan."

"Kí ni mo máa sọ? Ìgbà èwe mi ni mo ti ń wá nǹkan yìí, Sájẹ́ntì. Mo ti darúgbó sórí rẹ̀. Mo dúró níwájú wọn, mo ní mo rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ wọn kì í dáhùn nígbà tí mo bá kí wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ rí nǹkan lóòótọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe eégbọn. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìmọ̀ ni?"

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún 'kì í ṣe'."

Sàrátù yọ ẹ̀wọ̀n ọwọ́ jáde. Dókítà na ọwọ́ méjèèjì sí i láìjanpata, ṣùgbọ́n kó tó tì í, ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbóhùn sókè.

"Mo purọ́, mo gbà. Mo dákẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ntì, èmi kọ́ ni mo so awọ kọ́ ọ lọ́rùn."

Sàrátù dá ẹ̀wọ̀n ọwọ́ náà padà sínú báàgì. "Ẹ wọ bàtà yín," ni ó wí. "Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa jókòó sí nínú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa wò yín lójú títì."

*

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Dickson, tó ń darí àgọ́ náà, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú Onoriode sílẹ̀. Kò gbé ojú sókè.

"Mú un gba ẹ̀yìn jáde. Má bẹ̀ ẹ́ o."

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe é."

"Ìjọba ló ṣe é. Ọlọ́pàá tó bá bẹ aráàlú lónìí, ta ló máa bẹ̀rù ẹ̀ lọ́la? Máa lọ."

"Ẹ ṣé, sà," ni Sàrátù wí. Ó lọ sí sẹ́ẹ̀lì, ó ṣí i, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkùnrin náà lè kọ́kọ́ jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ máa bọ̀. Mo fẹ́ sìn yín délé."

Onoriode wò ó nígbà tó gbọ́ "ẹ" yẹn. Iwájú ni wọ́n gbà jáde.

Yàrá rẹ̀ wà nínú àgbàlá kan tí àwọn ayálégbé kún ní Ajégúnlẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ wá bá níbẹ̀, bí ọkọ àti aya bá jà tàbí bí àwọn obìnrin bá fa omi ẹ̀rọ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Philomena, ìyàwó rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti wá kó aṣọ wọn padà, wọ́n ní àwọn ò kánjú mọ́. Friday, ọmọ wọn, wà nílé lákòókò iléèwé. Kò sẹ́ni tó ní láti béèrè ìdí.

Philomena rí ọkọ rẹ̀, ó dìde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn ayálégbé ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sàrátù kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì àgbàlá náà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ó ti wọ̀ ọ́ ní pàtó fún èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ilé ni àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń wọ̀. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́.

"Bàbá Friday ò jí nǹkan kan. Ejò tiwọn ni wọ́n pa, nínú omi, nídìí iṣẹ́ wọn. Ejò tí wọ́n ní wọ́n jí, a ti rí i, ó wà láàyè. Wọ́n sọ òtítọ́ fún mi, mi ò gbọ́. Mo dójú tì wọ́n, wọ́n jù mí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Onoriode ń wo ilẹ̀.

"Dìde, madam," ó sọ níkẹyìn. "Kneel no dey wash person." Ó wọlé lọ, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó rìn bí ẹni tí oorun ń pa.

Philomena kò tẹ̀ lé e. Ó dúró sórí Sàrátù.

"Àwọn tó wà nílé yìí mọ ọkọ mi," ó wí. "Kò sí ìkankan nínú wọn tó pè é lólè. Na for Malu Road dem call am thief. Ta ló máa lọ sọ fún àwọn yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"All of dem?"

"Gbogbo wọn."

"Hẹn," Philomena wí. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò sí aṣọ lórí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Sàrátù bẹ̀rẹ̀, láti ìkángun Malu Road, níbi tí fọkanáísà kan ti ń fẹ́ táyà tírélà sí. Ó kí i. Ó ní ọkùnrin tí òun fi awọ ejò kọ́ lọ́rùn kọjá níbí níjẹta kì í ṣe olè, òun ló ṣì í mú.

Fọkanáísà náà fi ọwọ́ dúdú nu imú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Olè ejò! Wọ́n ti tú u sílẹ̀?"

"Kì í ṣe olè."

"Ẹ má bínú, madam. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn. Kí ni orúkọ ẹ̀ gan-an?"

"Onoriode."

"Ono..." Ó gbìyànjú, ahọ́n rẹ̀ kọ́. "Onode."

"O-no-ri-o-de."

Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá, ó fi eruku bò wọ́n. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti rí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ti ń pe ẹlòmíràn kó wá wò ó. Sàrátù dúró nínú eruku náà. Ó tún orúkọ náà pè, fọkanáísà tún un pè tẹ̀ lé e, ó tún ṣì í, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó wá pè é dáadáa tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, Sàrátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.